Ọwọ́ Ta Ni Màmá Wà? Àkọsílẹ̀ Ìrìnàjò Kan láti Ìsánlú dé Lọ́ńdọ̀nù

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkọ ọmọ màmá ló ti fúnra rẹ̀ rà wọ́n láti ìlú Ọba. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ mi kò ju pé kí n tẹ ìwé náà jáde, kí n bá màmá dé Àbújá, kí n sì la ọ̀nà yé e. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni mò ń tà ní Kábà. Irú iṣẹ́ báyìí, tí ẹlòmíràn ti jẹ èrè orí rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni, ojú kan ni a sábà máa ń fi wò ó. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka tèmi kí n tó ka ti ẹlòmíràn.

Opó ni màmá, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ará Ìsánlú. Gààrí ló ń tà. Yàgbà ló ń sọ, ó ń gbọ́ Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò, ó ń ka Bíbélì Yorùbá geere, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju “tánkì yù” lọ. Kò wọ bàálù rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, màmá fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Físà ìlú Ọba ti wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, káàdì àjẹsára ibà pọ́njú náà ti wà nílẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gbé e láti Àbújá dé Istanbul ní ìdájí. Èkejì, ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ kéré, gbé e láti Istanbul lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Mo wo wákàtí márùn-ún ààbọ̀ yẹn, mo ní ó tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìlú náà ni mi ò wò.

Ẹni tó bá ń ti ìwọ̀ oòrùn Kogí lọ sí òkè òkun, ìdúró rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́nà, Lọ́kọ́jà ni. Màmá á wọkọ̀ ní Ìsánlú, á gba Mọ́pà já sí Kábà, a ó gba títì kọnkéré dé Ọbájànà, kí a tó wá kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Lọ́kọ́jà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi bo títì ní Koton Karfe, ọ̀pọ̀ èèyàn sun ojú ọ̀nà. Ìrìn alẹ́ kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ wa mọ́, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, èrò tèmi kì í kúrò nílé lọ́jọ́ tí bàálù rẹ̀ máa gbéra. A lọ sùn sílé ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá ní Gwagwalada. Apá ibẹ̀ yẹn ni mo ṣe dáadáa.

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní Àbújá ṣí ìwé ìrìnnà, ó rí físà ìlú Ọba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí màmá. Lẹ́yìn náà ló wo kọ̀ǹpútà.

“Físà Turkey wọn dà?”

Mo ní màmá kò dúró ní Turkey, ó kàn ń kọjá ni. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ tiwọn mọ̀ parí sí Istanbul. Lójú tiwọn, Istanbul ni màmá ń lọ. Mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì kejì jáde bí ẹni tó yọ ìwé ẹ̀rí. Ó kà á, ó fi ìka tọ́ lẹ́tà mẹ́ta: SAW. Ti àkọ́kọ́, IST ló wà níbẹ̀.

Istanbul ní pápákọ̀ òfuurufú méjì. IST ni èyí ńlá tí wọ́n ṣí ní 2018, apá Yúróòpù ló wà. SAW ni Sabiha Gökçen, apá Éṣíà ló wà, omi Bosphorus sì wà láàárín wọn. (Orúkọ obìnrin tó wa bàálù ogun ni wọ́n fi pe ìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún màmá lẹ́yìn náà, ó ní, “Obìnrin ń wa bàálù ogun, èmi ni ẹ ò lè gbé dé Lọ́ńdọ̀nù?”) Kí màmá tó lè ti ibì kan dé ibì kejì, á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè wọlé sí Turkey, á gba àpótí rẹ̀, á wá ọkọ̀ tí yóò la ìlú ńlá náà já, á sì tún tò lórí ìlà láti fi ẹrù sílẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò lè ṣe ìyẹn láìní físà.

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́, mo ṣáà bẹ̀bẹ̀, nítorí màmá ń wò mí. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé lè san owó ìtanràn, yóò sì tún fi owó ara rẹ̀ gbé onítọ̀hún padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìrìnnà gbogbo èrò sínú ẹ̀rọ Timatic, kí ó sọ fún wọn bóyá èrò lè lọ. Ọmọbìnrin náà kò burú, ẹ̀rọ ló sọ pé rárá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa ní kí a tètè wá físà náà lórí fóònù. Mo rò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ká ní a rí i gbà, físà lè ṣílẹ̀kùn fún màmá, kò lè bá a wọ takisí. Obìnrin tí kò gbọ́ èdè wọn, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìdájí, pẹ̀lú àpótí méjì, láti ẹ̀gbẹ́ omi kan dé èkejì. Mo ní rárá. Ìpinnu tó nira jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí ọkọ ọmọ náà ń pariwo lórí fóònù pé kí n “ṣe nǹkan kan.”

Nǹkan kan tí mo ṣe ni pé mo ní kó fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, kí káńtà tó padé. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi mọ èyí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù máa ń gbàgbé rẹ̀: ẹni tó fagi lé ìrìnàjò kí bàálù tó lọ àti ẹni tí kò yọjú, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san. Wọ́n yọ owó ìtanràn, wọ́n sì dá èyí tó kù padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tíkẹ́ẹ̀tì kejì, olówó pọ́ọ́kú, kọ́bọ̀ kan kò padà.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ ò rí i ni?” ni ọkọ ọmọ náà bi mí. Mi ò rí i lóòótọ́. Òun náà kò rí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi ni láti rí i.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Gwagwalada ni màmá ti dákẹ́ títí, tó wá bi mí pé: “Ọmọ mi, níbi tí ẹ ní kí n ti sọ̀kalẹ̀ yẹn, kí n tó wọ èkejì, ọwọ́ ta ni mo wà?”

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n máa ń bi mí pé èló ni, wọ́n máa ń bi mí pé wákàtí mélòó ni. Ìdáhùn òótọ́ sí ìbéèrè màmá ni pé kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ á ti wẹ ọwọ́ rẹ̀ nù nígbà tí táyà bàálù bá kan ilẹ̀ Istanbul. Ilé-iṣẹ́ kejì kò ní mọ̀ ọ́n títí tí yóò fi dé káńtà wọn. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ láìní alágbàtọ́.

Ìbéèrè yẹn ni a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọ̀nà Addis Ababa ni mo mú. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló máa gbé e láti Àbújá dé pápákọ̀ Bole, òun náà ló máa gbé e láti Bole dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, pẹ̀lú àmì mẹ́fà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wá orúkọ èrò. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì lọ, àwọn ló máa wá òmíràn fún un, àwọn ló máa bọ́ ọ. Àpótí rẹ̀ kò ní jáde ní Addis rárá. Òun náà kò ní kan aṣọ́bodè Ethiopia, nítorí náà kò nílò físà wọn.

Oríṣi ìdúró mẹ́ta ní Bole ló wà lórí kọ̀ǹpútà, kí a mú ọ̀kan. Ọ̀kan kò tó wákàtí méjì. Kọ̀ǹpútà gbà á, nítorí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú tó kéré jù tí èrò lè fi bọ́ sínú bàálù mìíràn, wọn kì í sì í tà á bí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fi wọn ìṣẹ́jú yẹn? Ẹsẹ̀ ẹni tó lè ka pátákó, tó lè sáré. Èkejì jẹ́ òru mọ́jú títí di ọ̀sán, ó sì wu ọkọ ọmọ náà: “Wọ́n á fún wọn ní hótẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sùn.” Mo ní hótẹ́ẹ̀lì túmọ̀ sí ìlà àwọn aṣọ́bodè, bọ́ọ̀sì, yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ káàdì, àti ìpadà sí pápákọ̀ láàárọ̀. Gbogbo ìyẹn, màmá nìkan. Kí ó jókòó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ níbi tí iná wà, tí èèyàn wà, ó sàn jù. Ìyẹn ni ẹ̀kẹta, òun ni a rà: ó gúnlẹ̀ sí Bole ní 20:20, ó gbéra ní 00:50.

Aago 00:50 yìí fẹ́ tún mú wa. Ó wà lábẹ́ ọjọ́ Ẹtì lórí ìwé, ṣùgbọ́n òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ni. Ọkọ ọmọ náà ti gba ààyè níbi iṣẹ́ fún àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kí n tó pè é, kí n ní kó fi ìka ka a pẹ̀lú mi.

Mo wá bẹ̀bẹ̀ fún àga onítáyà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí a sì kọ oríṣi tó tọ́. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀ tí ọ̀nà jíjìn nìkan ń dà láàmú. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. WCHC ni ti ẹni tí a gbọ́dọ̀ gbé dé ìjókòó. Màmá tó ń ru gààrí, WCHR ni mo kọ fún un.

Ìwé pélébé tí màmá máa mú dání ló kù. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́tà gàdàgbà: ibi tí ó ń lọ, aago tí bàálù máa gbéra (aago kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá), nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, màmá nìkan ló máa lè kà á.” Òótọ́ ni. A yí i padà, a kọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ẹnikẹ́ni tó bá bá a pàdé: obìnrin yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń ti àga ló ń dúró dè, bàálù rẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n.

Ẹrù kò gbà wá lákòókò púpọ̀. A yọ ẹran gbígbẹ, nítorí ìlú Ọba kì í gbà á lọ́wọ́ èrò láti ọ̀dọ̀ wa. Òróró àdúrà tó wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n tún máa ń yẹ èrò wò ní Bole kó tó wọ bàálù kejì, omi tàbí òróró tí ìgò rẹ̀ bá ju mìlílítà 100 lọ kò sì ní kọjá. “Wọ́n á gba òróró Ọlọ́run?” Mo ní bí ó bá wà nínú àpótí, wọn kò ní gbà á. Ó wọ inú àpótí.

Ní Àbújá lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró ti káńtà títí wọ́n fi so ìwé mọ́ àpótí. Mo tẹ̀ ba, mo kà á: LHR, àmì Heathrow. Ìgbà yẹn ni mo tó mí kanlẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ìwọkọ̀ méjì pọ̀. Ọmọkùnrin kan ti àga onítáyà dé.

Màmá wo àga. Ó wò mí. “Ta ló yarọ?”

Mo ṣàlàyé, ó kọ̀. Mo ní ọ̀nà náà gùn, ó ní ṣé ọ̀nà oko òun ni kò gùn. Èèyàn ti ń wò wá. Lójú rẹ̀, kí wọ́n ti òun kọjá lójú gbogbo ayé, àbùkù ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mò ń sọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, “Màmá, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín ni wọ́n fẹ́ gbé, ẹnu yín ni. Ẹni tó ń ti àga yìí ló máa bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì níbi gbogbo.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá jókòó, ó gbé àpamọ́wọ́ lé itan, ó ní kí ọmọkùnrin náà rọra.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bole, ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ sì bá wa tò ó. Addis ga ju ìpele òkun lọ ní mítà tó lé ní 2,300, òtútù máa ń mú níbẹ̀ lálẹ́; ìborùn tí mo ní kó mú lọ wúlò. Wọ́n tì í dé ibi tí àwọn tó ń dúró de ìrànlọ́wọ́ máa ń jókòó, wọ́n fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé àwọn ń padà bọ̀. Èrò mìíràn pọ̀ tí wọ́n fẹ́ tì.

Ó jókòó, ó jókòó. Aago ọwọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un sọ pé aago mẹ́jọ alẹ́. Aago ilé ni, Ethiopia sì fi wákàtí méjì ṣáájú wa, mi ò sọ fún un. Fóònù rẹ̀ náà kò rí nẹ́tíwọ́kì tí yóò fi yí padà. Ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó na ọwọ́ sí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀, ó tọ́ka sí aago. Obìnrin náà na ìka mẹ́rin sókè.

Mẹ́rin! Màmá wo ìwé pélébé: aago kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ti di aago mẹ́rin ìdájí, bàálù ti lọ. Nígbà tí a bi í pé kí ló dé tí kò gba ti aago ọwọ́ rẹ̀ gbọ́, ó ní, “Àlejò kì í bá onílé jiyàn aago.”

Obìnrin náà kò parọ́. Ní Ethiopia, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago ọ̀sán, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n sì ti ń ka ti òru. Aago méje àárọ̀ tiwa ni aago kan tiwọn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni aago mẹ́rin òru. Pátákó pápákọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì kò bá ìyẹn lọ, ti gbogbo ayé ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ kì í ṣe pátákó. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni lóòótọ́ níbẹ̀. Ó ku nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta.

Màmá dìde. Ó fi àga sílẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó ń yára lọ, ó tò sẹ́yìn wọn ní géètì kan. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí bàálù yẹn ń lọ. Nígbà tó kàn án, ó na ìwé ìwọkọ̀ sí wọn, ẹ̀rọ tàn pupa. Wọ́n tún un ṣe, ó tún tàn pupa. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Màmá fèsì ní Yàgbà, ìyẹn náà kò gbọ́. Ó wá rántí ìwé pélébé, ó tú u jáde ní etí ìró. Ọmọbìnrin náà ka ojú kan, kò yé e. Ó yí i padà.

Ó gbé fóònù. Kò pẹ́ tí àga fi dé. Ẹni tó ti fi í sílẹ̀ ti ń wá a kiri, òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Màmá jókòó láìjiyàn. Ní Heathrow, ọmọ rẹ̀ rí i tó ń bọ̀ lórí àga, àpótí méjèèjì pé, òróró àdúrà náà wà níbẹ̀.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹgbẹ́ mi ní Kábà àti Lọ́kọ́jà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń rò pé ẹ̀kọ́ Istanbul ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa ka lẹ́tà mẹ́ta. Ìlú tó ní ju pápákọ̀ kan lọ pọ̀, Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má sì gba iṣẹ́ “bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde” láìgba owó àyẹ̀wò. Nísinsìnyí mo ń gba owó rẹ̀, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ti Bole ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ní Istanbul, bí a ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kò dára. Ní Bole, tíkẹ́ẹ̀tì dára, àga wà, ilé-iṣẹ́ kan ló gbé e, síbẹ̀ èrò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù, nítorí pé “ọwọ́ ilé-iṣẹ́” kì í ṣe ọwọ́ tó di èèyàn mú ní ìṣẹ́jú gbogbo. Ààyè máa ń wà níbi tí ọwọ́ kan ti fi í sílẹ̀ kí òmíràn tó mú un. Ohun tó bá wà lára èrò nígbà náà nìkan ló ní.

Nítorí náà ìwé pélébé ti yí padà. Mo ń ya aago méjì sí i báyìí, ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti ibi ìdúró, èmi fúnra mi ni mo sì ń kọ́ àwọn àgbà bí a ṣe ń yí aago ọwọ́ padà, kí wọ́n ṣe é lójú mi. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣe dìde lórí àga àfi tí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ bá wá mú wọn. Fún ẹni tó bá ń gba Addis, mo kọ gbólóhùn kan sí i nípa aago àwọn onílé.

Màmá pè mí nígbà tí ìpadàbọ̀ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò pé ìwé pélébé ló fẹ́ béèrè. “Okun o, bọ̀dá tíkẹ́ẹ̀tì,” ni ó fi kí mi. “Ẹ bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n má gbàgbé àga mi o.”